Ṣé kí n ra hẹ́dífóònù olówó ńlá pẹ̀lú ámpù rẹ̀, àbí kí n máa lo èyí tó wà lọ́wọ́?

Ará Nyanya

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Hẹ́dífóònù ATH-M50x ni mò ń lò, lórí lápútọ́ọ̀pù Windows àti fóònù Android. Fújì, jùjú àti orin ìjọ ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń gbọ́. Ní Sátidé, mo máa ń tún ohùn ìwàásù ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ó ń ṣe mí bíi kí n bọ́ sórí Sennheiser HD 600 tàbí HiFiMan Sundara, àmọ́ gbogbo ẹni tí mo bá bi ló ń sọ pé láìsí ámpù (ẹ̀rọ tó ń fún hẹ́dífóònù lágbára sí i), owó gbé. Ilé tí yàrá kọjú síra ni mò ń gbé, jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ló sì wà nínú ọgbà. Ṣé kí n rà á? Ámpù wo ló bá a mu? Ẹ ràn mí lọ́wọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n Kúbwà

Àbúrò, jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú, ká tó débi ámpù. HD 600 àti Sundara, ẹ̀yìn wọn ṣí sílẹ̀ ni. Ariwo ìta ń wọlé tààrà, ohun tí ò ń gbọ́ náà sì ń jáde sí etí ẹni tó bá jókòó tì ọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lásán lè ké ju 60 dB (òdiwọ̀n bí ariwo ṣe ga tó) lọ láti mítà 7, bẹ́ẹ̀ sì ni orin tí èèyàn ń gbọ́ jẹ́jẹ́ kì í ju 65 sí 75 dB lọ. Tí ariwo bá ti sún mọ́ orin tó báyìí, àwọn ohun tó rọra ń dún nínú orin ló kọ́kọ́ ń rì: èémí olórin, ìró ọwọ́ lára awọ ìlù, bí ohùn ṣe ń kú lọ nínú yàrá tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Tìtorí wọn la sì ṣe ń ra hẹ́dífóònù olówó ńlá.

Wá áàpù tó ń wọn ariwo sórí fóònù. Lásìkò tí o máa ń gbọ́ orin gan-an, gbé fóònù síbi tí orí rẹ máa ń wà, kí o kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Áàpù yẹn kò pé pérépéré, ṣùgbọ́n ó tó o fi mọ ibi tí o dúró. Tó bá wà lábẹ́ 40 dB ní ọ̀pọ̀ alẹ́, ẹlẹ́yìn ṣíṣí bá ọ mu. Tó bá ń kọjá 50, má rà á. Ìafóònù tó ń wọ ihò etí, tó ní fóòmù lẹ́nu, lè gé ariwo kù ní 20 sí 30 dB tó bá wọlé dáadáa. Ẹlẹ́yìn dídì bíi DT 770 Pro náà dára, àmọ́ ariwo òkè ló ń dí jù. Ìró ẹ̀ńjìnnì tó rẹlẹ̀, tó wà ní nǹkan bíi 200 Hz sísàlẹ̀, á ṣì máa wọlé. Irú Sony WH-1000XM4 tó ń pa ariwo fúnra rẹ̀ ló borí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kò mọ́ tó ti HD 600.

Onímọ̀-ẹ̀rọ Kàdúná

Ẹ̀gbọ́n Kúbwà ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ọ̀rọ̀ ámpù, torí àsọdùn ló pọ̀ níbẹ̀.

Nọ́ńbà méjì lẹ nílò: ohm hẹ́dífóònù (bí ó ṣe ń dènà iná tó), àti iye dB tó ń mú jáde tí iná 1 mW (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì) bá wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ga sí i ní 3 dB, iná rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá fẹ́ 10 dB, á di ìlọ́po mẹ́wàá. Mo máa fi 110 dB ṣe òdiwọ̀n, ìyẹn fún ibi tí ìlù bá ti bú jáde lójijì, kì í ṣe ibi tí ẹ máa gbọ́ ọ sí láti àárọ̀ dalẹ́.

M50x jẹ́ 38 ohm, 99 dB. Nǹkan bíi 13 mW tó fún un, ìyẹn fóltéèjì 0.7 V. Fóònù tó ní ihò 3.5 mm tó dáa lè fún un ní ìyẹn. Ẹ má ra ámpù torí M50x láé.

HD 600 jẹ́ 300 ohm, ó sì ń mú nǹkan bíi 103 dB jáde pẹ̀lú 1 V. Láti dé 110 dB, ó nílò 2.2 V, àmọ́ iná tó ń mu kò ju 17 mW lọ. Fóltéèjì ni ebi rẹ̀.

Sundara jẹ́ 37 ohm, 94 dB. Ó nílò 40 mW, ìyẹn 1.2 V péré, ṣùgbọ́n 33 mA (òdiwọ̀n iná tó ń ṣàn) gbọ́dọ̀ gba inú wáyà. HD 600 kò nílò ju 7 tàbí 8 mA lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kékeré kan fi lè gbé HD 600 dáadáa kí ó sì máa ha lórí Sundara nígbà tí báàsì bá wọlé.

Kí ẹ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti le lóòótọ́: HiFiMan HE6 jẹ́ 50 ohm, 83.5 dB. Ó ń bèèrè nǹkan bíi 450 mW. Irú ìyẹn ni wọ́n ń torí rẹ̀ ra ámpù ńlá. Ẹ̀yin kò dé ibẹ̀.

Nọ́ńbà kẹta ni ohm tó wà lẹ́nu ámpù fúnra rẹ̀. Kó má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ohm hẹ́dífóònù lọ. Fún Sundara, ìyẹn jẹ́ 4.6, ẹ wá èyí tó wà lábẹ́ 2. HD 600 kì í ṣe 300 ohm níbi gbogbo, ó ń gòkè sún mọ́ 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àyíká 100 Hz. Tí ẹ bá kì í bọ ẹnu tó ní 120 ohm, ibẹ̀ á fi nǹkan bíi 1 dB wú sókè ju ìyókù lọ. Àwọn kan fẹ́ràn wíwú yẹn. Kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ámpù ló ń fi kún un, kò sí nínú orin.

Ará Nyanya

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé wáyà kékeré ti Apple yẹn, èyí tó ń so hẹ́dífóònù mọ́ ihò USB-C, kò wá lè tó fún HD 600? Mo gbọ́ pé ó mọ́ púpọ̀.

Onímọ̀-ẹ̀rọ Kàdúná

Ó mọ́ lóòótọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ó ń fúnni ní 1 V, ohm ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 1. Ìyẹn gbé HD 600 dé 103 dB. Fún orin òde òní tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ òkè pátápátá, ó tó. Fún ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bíi ìwàásù tí ẹ kò tíì tún ṣe, fólúùmù máa dé ìpẹ̀kun kí ó tó tó yín.

Ẹ ṣọ́ ohun méjì. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù kò ju 0.5 V lọ, ìyẹn dín 6 dB. Èkejì, lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, fólúùmù inú wáyà yẹn kì í ṣí tán, ẹ máa rò pé hẹ́dífóònù ló le. Áàpù bíi USB Audio Player Pro lè ṣí i, ṣùgbọ́n orin tó bá gba inú áàpù náà nìkan ni. Lórí lápútọ́ọ̀pù, kò sí wàhálà yìí. Torí náà, ẹ fi wáyà yẹn bẹ̀rẹ̀. Tí etí yín bá ń fẹ́ sí i lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ra ámpù nígbà náà.

Oníná Lugbe

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ orúkọ ámpù, ẹ yẹ ṣájà rẹ̀ wò. Ibí yìí ni owó ti ń jóná jù nílẹ̀ wa.

Àwọn ámpù orí tábìlì bíi Schiit Magni àti JDS Labs Atom kì í lo ṣájà DC (iná tó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo) bíi ti lápútọ́ọ̀pù. Tíráńsífọ́mà kékeré ni wọ́n ń lò, AC (iná tó ń lọ síwá sẹ́yìn) ló ń wọlé, AC ló sì ń jáde, 15 tàbí 16 V. Ẹni tó bá bá yín gbé e bọ̀ láti Amẹ́ríkà lè gbé èyí tó wà fún 120 V. Tí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tó jẹ́ 230 V, ṣájà yẹn máa jóná, ó sì lè mú ámpù lọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: INPUT gbọ́dọ̀ jẹ́ 230 tàbí 220–240 V, 50 Hz. Tí ti yín bá bàjẹ́, ẹni tó ń ta ṣájà ní ọjà lè fún yín ní DC tí fóltéèjì rẹ̀ dọ́gba, tí ẹnu rẹ̀ sì wọlé. Kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa, torí inú ámpù yẹn ń gé AC sí apá méjì, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, DC sì ní apá kan ṣoṣo. Ẹ wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ OUTPUT: ìlà tó dà bí ìgbì omi ni AC, ìlà gbọọrọ tó ní àmì tótòtó lábẹ́ ni DC.

Ẹ̀yin tó ń lo ínfátà, tí wọ́n bá kọ “modified sine wave” sára rẹ̀, irú tíráńsífọ́mà yìí máa gbóná, ó máa kùn, ariwo náà sì lè wọ inú hẹ́dífóònù. “Pure sine wave” ni kí ẹ fi gbé e. Tí kò bá sí, ẹ ra ámpù tó ń lo USB 5 V tàbí tó ní bátìrì nínú, bíi iFi hip-dac. Oníbátìrì ni mo gbà níyànjú jù fún ẹni tó ń gbé níbi tí iná ti ń ṣẹ́jú. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi pọ́wá báǹkì gbé ohun èlò tó ń mu iná díẹ̀, ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn máa ń pa ara wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ torí wọ́n rò pé kò sí ohun tó wà lẹ́nu wọn.

Tí ẹ bá gbọ́ hùùù lẹ́yìn tí ẹ so ámpù mọ́ lápútọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà lápútọ́ọ̀pù lẹ́nu iná. Tí hùùù bá dákẹ́, ilẹ̀ iná méjì ló ń jà. Ẹ fi ṣájà àti ámpù sí ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n kan náà. Tí kò bá lọ síbẹ̀, ẹ máa lo lápútọ́ọ̀pù lórí bátìrì tí ẹ bá ń gbọ́ orin.

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa

Ọmọ mi, ẹnì kankan kò tíì sọ̀rọ̀ páàdì. M50x rẹ yẹn, fọwọ́ kan páàdì rẹ̀ wò. Tí awọ rẹ̀ bá ti ń hó, tí fóòmù inú rẹ̀ sì ti pẹlẹbẹ tí etí rẹ fi ń kan sípíkà, ohùn tí ò ń gbọ́ kọ́ ni ti M50x mọ́. Báàsì máa ń sá nígbà tí páàdì kò bá lẹ̀ mọ́ orí. Ooru oṣù kẹta àti kẹrin ní Àbújá ń tètè jẹ awọ ayédèrú wọ̀nyẹn. Ra páàdì tuntun kí o tó dá hẹ́dífóònù lẹ́jọ́.

Ẹni tó ń lo gíláàsì, apá gíláàsì ń ṣí àyè sílẹ̀ lábẹ́ páàdì. Ẹni tó ń wé híjáàbù, tí páàdì wà lórí aṣọ, bákan náà ló rí. Ẹlẹ́yìn dídì ló ń jìyà rẹ̀ jù, ẹlẹ́yìn ṣíṣí bíi HD 600 kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tí o bá fẹ́ mọ̀, gbọ́ báàsì kan, kí o wá fi ọwọ́ tẹ ife méjèèjì mọ́ orí díẹ̀. Tí báàsì bá ga lójijì, afẹ́fẹ́ ló ń jáde níbẹ̀.

Àti ọyẹ́. Eruku rẹ̀ lẹ́bú, ó ń gba inú irin ẹ̀yìn ṣíṣí wọlé, ó sì ń bá irun wọ ojú sípíkà. Má fi hẹ́dífóònù kọ́ sórí ìṣó lójú fèrèsé láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì. Aṣọ lásán kò tó, inú àpótí rẹ̀ tàbí ike onídèérí ni kó wà. Má fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ ojú sípíkà, pàápàá ti Sundara, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀. Páàdì HD 600 ṣeé fọwọ́ yọ, fóòmù pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ṣeé yọ. Fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ fóòmù yẹn, sá a lábẹ́ òjìji kó gbẹ pátápátá.

Ọ̀gá Míìsì, Jọs

Mo fara mọ́ gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ ti fo ohun tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. EQ, ìyẹn títún báàsì àti ohùn òkè ṣe lórí ẹ̀rọ, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ gba Equalizer APO sórí Windows, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e sórí ẹ̀rọ, ó máa béèrè ibi tí ohùn ń gbà jáde; ẹ mú èyí tí ẹ ń lò gan-an, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Ẹ wá lọ sí AutoEq lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ètò EQ fún oríṣiríṣi hẹ́dífóònù wà, ẹ wá ATH-M50x, ẹ gbé ìlà EQ mẹ́wàá tó wà níbẹ̀ wọlé. Ẹ má gbàgbé Preamp (fólúùmù gbogbogbò inú EQ náà): ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ níye tí èyí tó ga jù gòkè. Tí EQ bá gbé 5 dB sókè, Preamp gbọ́dọ̀ wà ní −5 ó kéré tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn á máa fọ́, ẹ á sì máa dá hẹ́dífóònù lẹ́bi. Lórí Android, Wavelet ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ẹ lo ìyẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí inú yín bá dùn, owó yín ṣì wà lápò. Ohun tí EQ kò lè yí padà ni bí hẹ́dífóònù ṣe wúwo lórí, bí ó ṣe ń mú etí gbóná, àti bí ẹlẹ́yìn ṣíṣí ṣe máa ń jẹ́ kí ohùn jìnnà sí orí díẹ̀.

HD 600 kò ní báàsì ìsàlẹ̀ tó pọ̀. Fún fújì, ẹ máa fẹ́ fi low shelf kan (ìlà EQ tó ń gbé gbogbo báàsì sókè) sí 105 Hz, Q 0.7, +4 tàbí +5 dB. Ẹ má kọjá ìyẹn, nítorí sípíkà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Sundara ń lọ sísàlẹ̀ jù ú lọ láìsí ìrànwọ́. Fún ohùn ìwàásù, HD 600 ni mo máa mú, torí ohùn ènìyàn dúró ṣinṣin lórí rẹ̀: ẹ máa gbọ́ ibi tí ẹ ti gé ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra, ẹ máa gbọ́ “s” tó ń ta yọ.

Tí ẹ bá fẹ́ dán hẹ́dífóònù wò, ìlù wa tó fi ṣe é. Ẹ gbọ́ gángan níbi tó ti ń fa ohùn láti òkè wálẹ̀: ṣé ẹ lè tẹ̀ lé e títí dé ìsàlẹ̀, àbí ó ń pòórá sínú báàsì gìtá? Ẹ tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Èso ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí DT 990 Pro, tó ga gan-an ní àyíká 8 kHz, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa ń gún etí, ẹ̀yin tó ń gbọ́ jùjú fún wákàtí mẹ́ta kò ní fara da ìyẹn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí gúdúgúdú bá wọlé lé omele lórí, ṣé ẹ lè ka ọwọ́ tó ń lù wọ́n? Kí ẹ rí i pé ariwo hẹ́dífóònù méjèèjì dọ́gba nígbà tí ẹ bá ń fi wọ́n wéra. Èyí tó bá fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ ló máa ń dùn létí, bí kò tilẹ̀ dáa jù.

Tí ó bá jẹ́ àpàlà àti fújì àtijọ́ tí wọ́n kọ sínú MP3 láti inú kásẹ́ẹ̀tì ló kún fóònù yín, ẹ mọ̀ pé híísì kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni HD 600 máa kọ́kọ́ fi hàn yín. Ẹ kọ́kọ́ wá fáìlì tó dáa. Orin tó ń wọlé ní 320 kbps ń jẹ dátà 144 MB ní wákàtí kan. FLAC (fáìlì tí kò pàdánù ohunkóhun nínú ohùn) bíi ti CD lè jẹ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìyẹn, torí náà ẹ gbà á sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà.

Onígílóòbù Minna

Ẹ má gbàgbé ámpù onígílóòbù (tube amp). Irú OTL, tí kò ní tíráńsífọ́mà níbi tí ohùn ń gbà jáde, dára lórí 300 ohm, HD 600 ń dùn lórí rẹ̀. Ẹ má fi gbé Sundara, kò ní okun tí hẹ́dífóònù 37 ohm ń fẹ́. Ooru rẹ̀ pọ̀ nínú yàrá kékeré, iná tó bá ń lọ tó ń bọ̀ kò sì bá a lára mu.

Ọmọ Wúsè

Ní ti rírà: ayédèrú M50x àti ti Sennheiser pọ̀ lójà. Tí owó rẹ̀ bá fi ju ìdajì lọ dín sí ti gbogbo ayé, ẹ má wulẹ̀ ṣí páálí. Tòkunbọ̀ kò burú, àmọ́ ẹ gbé fóònù tiyín lọ sí Banex (ọjà fóònù ní Wúsè) tàbí ibi yòówù tí ẹ bá ti fẹ́ rà á, pẹ̀lú ohun mẹ́ta lórí rẹ̀. Àkọ́kọ́, ohùn tó ń lọ láti 20 dé 200 Hz díẹ̀díẹ̀: tí sípíkà kan bá ń pariwo gbrr, irun ló wà lójú rẹ̀ tàbí ó ti bàjẹ́. Èkejì, ohùn ènìyàn ní mono (ohùn kan náà ní etí méjèèjì): ó gbọ́dọ̀ dúró láàárín orí gẹ́lẹ́. Ẹ yí hẹ́dífóònù padà, ọ̀tún sí òsì. Tó bá ṣì fì sí apá kan náà, etí yín ni, tó bá fì sí òdìkejì, hẹ́dífóònù tàbí fóònù ni. Ẹ̀kẹta, orin tó dákẹ́: ẹ máa mi wáyà níbi tó ti wọ ife, kó má ṣe já wọlé já jáde. Wáyà HD 600 ṣeé yọ, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀. Ti DT 770 Pro kò ṣeé yọ láìfi iná jó o. DT 770 Pro sì wà ní 32, 80 àti 250 ohm, ẹ béèrè èyí tó jẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Ará Nyanya

Ẹ kú làálàá o. Mo wọn ariwo: nǹkan bíi 58 dB kí wọ́n tó pa jẹnẹrétọ̀, 37 lẹ́yìn aago mọ́kànlá òru. Òru ni mo sì máa ń gbọ́ orin jù. Màá pààrọ̀ páàdì, màá ṣe EQ, bí ó bá ṣì ń wù mí, HD 600 pẹ̀lú wáyà Apple lórí lápútọ́ọ̀pù. Tí mo bá wá ra ámpù lẹ́yìn náà, ṣé kí n fi fólúùmù rẹ̀ sókè kí n fi ti Windows sílẹ̀, àbí òdìkejì?

Onímọ̀-ẹ̀rọ Kàdúná

Ẹ jẹ́ kí Windows wà ní 100, ẹ fi ọwọ́ ámpù darí rẹ̀. Súìṣì gain (èyí tó ń pinnu bí ámpù ṣe ń gbé ohùn sókè tó) kó wà ní Low. Kìkì ìgbà tí fólúùmù bá ti kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí kò sì tó yín ni kí ẹ lọ sí High. Tí ẹ bá wà ní High tí bọ́tìnì fólúùmù kò yí kọjá ibi tí 9 máa ń wà lójú aago, apá ọ̀tún àti òsì kì í sábà dọ́gba níbẹ̀, ẹ sì lè ṣèèṣì fọwọ́ kàn án kó bú mọ́ yín létí. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ fún wákàtí púpọ̀, kó wà ní àyíká 75 dB. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òpin fún àgbàlagbà, gbogbo 3 dB tí ẹ bá sì fi kún un ń gé wákàtí yẹn sí ìdajì.

Oníná Lugbe

Tí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń gbọ́ orin, ẹ bọ́ hẹ́dífóònù kúrò létí, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lára ámpù, kí ẹ tó jẹ́ kí iná padà wọlé. Àwọn ámpù kan máa ń ta pàù nígbà tí wọ́n bá tàn, pàù yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ sípíkà. Ẹ dá fólúùmù padà sísàlẹ̀, ẹ tan ámpù, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ tó ki hẹ́dífóònù bọ̀ ọ́.